Kọfí, obì, tíì, énájì: kí lẹ ń mu, ìgbà wo lẹ ń mu ún, báwo ló ṣe ń ṣe yín lára?

Aránṣọ Bàsírí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ulé. Aránṣọ ni mí ní Adó níbí. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, tí aṣọ ẹbí gorí ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, òru ni mo fi ń rán èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí ọ̀sán kì í tó, iná náà kì í sì í dúró. Kọfí inú ọ̀rá kékeré yẹn ni mo fi ń lé oorun. Ọ̀rá méjì ni mo máa ń dà sínú ife kan ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí mo bá pa ẹ̀rọ tán tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, àjà ni mo máa ń wò, àyà mi á sì máa lù kìkìkì. Tó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi tí mi ò mu ún, orí á máa fọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì bíi kí n sunkún. Ẹ̀yin tó bá lára mu, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jáwọ́ pátápátá. Oníbàárà ò ní gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó
Àǹtí, ẹ kú àìsùn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, énájì ló wọ́pọ̀ ju kọfí lọ. Ní àsìkò ìdánwò, ike rẹ̀ á kún gbogbo abẹ́ tábìlì. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tá a jọ ń gbé ni pé kí wọ́n wo ara agolo kí wọ́n tó ṣí i. Agolo Red Bull kékeré, ìyẹn 250 mílílítà, ní nǹkan bí 80 mílígíráàmù kaféènì, ìyẹn èròjà tó ń lé oorun, kò ju ife kọfí kan lọ. Ibi tí wàhálà wà ni pé énájì dùn, ó tún tutù. Èèyàn á gbé ike ńlá mì lẹ́ẹ̀kan, á tún ra òmíràn. Ta ló lè mu kọfí gbígbóná báyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi kan po méjèèjì pọ̀ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Ó kàwé mọ́jú lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú gbọ̀ngàn débi pé òun alára ò lè ka ohun tó kọ. Tíì lásán, láìsí mílíìkì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni tèmi. Mo máa ń sùn ní aago mọ́kànlá, kí n jí ní mẹ́rin àárọ̀ kí n máa kàwé lọ. Ohun téèyàn kà láìsùn kì í dúró lórí.

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí irú èyí máa ń wá bá wa níbi iṣẹ́, àwa tá a ń ṣiṣẹ́ òru náà ò sì yọ ara wa sílẹ̀.

Àtìgbà téèyàn bá ti jí ni kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ adenosine ti ń kó jọ nínú ọpọlọ. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun á máa kun èèyàn. Kaféènì ò lé e lọ, ńṣe ló gba àga mọ́ ọn lọ́wọ́. Adenosine ò ríbi jókòó, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí kaféènì bá dìde, gbogbo wọn á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló fà á tó fi máa ń rẹ èèyàn lójijì lọ́wọ́ ìdájí.

Àǹtí Aránṣọ, àsìkò tẹ́ ẹ ń mu ún ló ń bá yín jà. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kaféènì ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ara tó yọ ìdajì rẹ̀ dànù. Ọ̀rá kọfí kan lè ní 60 sí 80 mílígíráàmù. Ẹ jẹ́ ká pe méjì ní 140. Èyí tẹ́ ẹ mu ní aago mẹ́sàn-án, nǹkan bí 70 nínú rẹ̀ ṣì wà lára yín ní aago méjì òru, bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọ̀rá kan nígbà náà. Ìwádìí kan jáde ní 2013 tí wọ́n fún àwọn èèyàn ní 400 mílígíráàmù: kódà àwọn tó mu ún ní wákàtí 6 gbáko kí wọ́n tó lọ sùn pàdánù oorun tó lé ní wákàtí kan.

Ìwọ̀n 400 yẹn náà ni wọ́n ní àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ọjọ́ kan, àtàárọ̀ dalẹ́. Aláboyún, 200. Kì í ṣe gbogbo wa ló sì ń tètè yọ ọ́ dànù. Ẹni tó ń mu sìgá máa ń tètè yọ ọ́. Ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró máa ń pẹ́, aláboyún tún pẹ́ jù ú lọ. Ẹni tí wọ́n fún ní ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kó rọra ṣe títí oògùn á fi tán, torí oògùn yẹn kì í jẹ́ kí kaféènì tètè kúrò lára.

Awakọ̀ Ọ̀muò
Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣé. Èmi ò mọ mílígíráàmù o, obì gbànja ni tèmi. Adó sí Àbújá ni mò ń ná. Láti Ìkọ̀lé títí kan Ọ̀muò, ojú èèyàn á ṣì mọ́. Ìgbà téèyàn bá kọjá Kàbà tó dorí kọ Lọ́kọ́ja ni oorun máa ń wá. Mo máa ń bu obì sẹ́nu, n ò ní tètè gbé e mì, màá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ awakọ̀, obì tàbí kọfí kì í ṣe oorun. Bójú bá ti ń pa dé fúnra rẹ̀, tí ẹ ò rántí ìlú tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ wá ilé epo tó ní iná tó sì ní ọlọ́dẹ, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ má dúró sínú igbó, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ọ̀nà dà. Ọgbọ́n kan rèé tí ọ̀gá mi kọ́ mi: mu ife kọfí kan kíákíá, kí o wá dorí àga kodò lójú ẹsẹ̀, kí o sùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tó o bá máa fi jí, kọfí náà ti ń wọlé sára. Oorun díẹ̀ pẹ̀lú kọfí díẹ̀, kò sí énájì tó tó o.

Àwọn tó ń po énájì mọ́ ọtí ní gáréèjì ni mi ò ní í gbàgbé láti bá wí. Ojú wọn á dá, wọ́n á rò pé ọtí ò pa àwọn.

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ nípa ọtí. Kaféènì kì í yọ ọtí lára, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni náà ṣì ń pẹ́ gbọ́, kò sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka obì yín náà mọ́ ọn. Kaféènì ló wà nínú rẹ̀, àbàtà ni o, gbànja ni o. Ẹni tó jẹ obì láàárọ̀, tó mu tíì lọ́sàn-án, tó fi énájì kún un lálẹ́, ó lè máa sọ pé "mi ò kì í mu kọfí", kó sì ti kọjá òṣùwọ̀n.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé
Ẹ kú àsọyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Kọfí tẹ́ ẹ ń rà nínú ọ̀rá yìí, bàbá mi gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó. Bó bá pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí igi, a ó ká a, a ó sá a sórí ẹní tàbí sórí sìmẹ́ǹtì títí á fi gbẹ, a ó wá gbé e fún àwọn tó ń rà á. A kì í mu ún nílé wa! Obì la mọ̀. Ìgbà tí ìjọba sì tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ká ní 1986, tí owó kọfí tún wálẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gé igi rẹ̀, wọ́n fi kòkó rọ́pò.

Irú tó ń ṣe dáadáa nílẹ̀ Yorùbá níbí ni robusta. Arabica ń fẹ́ orí òkè tó tutù, irú Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Tàrábà, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì náà. Robusta korò jù, kaféènì inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kọfí oko wa rà, ẹ má fi ojú ọ̀rá yẹn wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ yan án nílé: ẹ rí i pé wọ́n ti bó èèpo gbígbẹ rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé agbada gbígbẹ ka iná, láìsí epo, kí iná má pọ̀. Ẹ máa rò ó láìdúró, torí tó bá jó lápá kan tí apá kejì ò tíì yí, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi gbà á là. Ẹ ó gbọ́ tó ń ta pàpà. Bó bá ti dúdú rẹ́súrẹ́sú, ẹ dà á sórí atẹ, ẹ fẹ́ ẹ kó tutù. Ọjọ́ kejì lẹ máa lọ̀ ọ́. Ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, ẹ wá sẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ nìkan á ti jí aládùúgbò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó
Bàbá, níbo la ti máa rí i rà báyìí?

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé
Ọmọ mi, bi àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí igi rẹ̀ ṣì wà. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ gbìn ín, àwọn oníwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn, tí gbogbo ayé ń pè ní CRIN, kọfí àti obì wà lára iṣẹ́ wọn. Lọ bá wọn fún irúgbìn. Má lọ hú èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Màmá Ẹfọ̀n
Ẹ kú ìjókòó o. Òkè wa níbí máa ń tutù láàárọ̀ ọyẹ́, tíì gbígbóná ò sì ṣeé yọ sílẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ìyàwó ọmọ mi lóyún, tíì onímílíìkì nìkan ni inú rẹ̀ ń gbà láàárọ̀, òun náà ló sì fi ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn mì. Ṣé kò léwu?

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Tíì kan tàbí méjì lóòjọ́ kò kọjá 200 yẹn, torí ife tíì kan kì í sábà ju 50 mílígíráàmù lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ mójú tó. Tíì àti kọfí kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oògùn náà dáadáa, mílíìkì náà tún ń dá kún un. Omi ni kó fi mì ín, tàbí omi ọsàn tó bá rí i, kó jẹ́ kí ó tó wákàtí kan sí méjì sí ìgbà tó bá mu tíì. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gòkè, tí wọ́n ń búra pé àwọn ń lo oògùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wádìí.

Tí kọfí tàbí énájì bá wà lára ohun tó ń mu, ẹ kà á mọ́ ọn. Tó bá bímọ tán, díẹ̀ máa ń gba inú ọmú dé ara ọmọ, ọmọ tuntun ò sì lágbára láti tètè yọ ọ́. Bí ọmọ bá ń ké tí kò sùn, kó dín in kù ná kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan àjẹ́ ilé o.

Màmá Ẹfọ̀n
Háà! Àjẹ́ kẹ̀? A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Omi ló máa fi mì ín lọ́la.

Onítíì Òkèṣà
Èmi tí mò ń ta tíì àti búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kí n túṣìírí díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tíì tí kò ní gba oorun lójú yín, ẹ sọ fún wa kí a tètè yọ báàgì rẹ̀. Bó bá ṣe pẹ́ nínú omi gbígbóná tó ni yóò ṣe le tó. Àwọn kan máa ń ní kí n fún báàgì náà mọ́ inú ife, wọ́n á wá máa sọ lọ́jọ́ kejì pé tíì mi ò jẹ́ kí àwọn sùn.

Ìkejì, mílíìkì inú agolo tó ki yẹn, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn bàbá oníṣúgà máa ń sọ pé "má fi ṣúgà sí i fún mi o", wọ́n á tún ní kí n da mílíìkì náà títí ife á fi pọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn, wọn á ní ṣe ni mò ń ṣahun. Ẹ bèèrè mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò ní ṣúgà, a ní in.

Ẹni tó kàn fẹ́ nǹkan gbígbóná lálẹ́, ewé tíì ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ata ilẹ̀ tó. Kò ní kaféènì rárá. Zobo náà kò ní. Àwọn Milo àti Bournvita ní díẹ̀ nítorí kòkó, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan tí àgbàlagbà á fi pa oorun tì.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni ọgbẹ́ inú. Mo ń mu kọfí dúdú láàárọ̀ kí n tó jẹun, inú á sì máa ta mí títí di ọ̀sán. Àwọn kan ní kí n máa mu èyí tí wọ́n ti yọ kaféènì rẹ̀. Ṣé ìyẹn á ràn mí lọ́wọ́?

Apòògùn Ìkẹ́rẹ́
Kì í ṣe kaféènì nìkan ló ń ta yín. Kọfí fúnra rẹ̀, kódà èyí tí wọ́n ti yọ kaféènì kúrò nínú rẹ̀, máa ń jẹ́ kí ikùn tú omi kíkan jáde. Ẹ jẹun ná, kó tiẹ̀ jẹ́ iṣu díẹ̀. Bó bá ṣì ń ta yín lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi kọfí sílẹ̀ títí ọgbẹ́ á fi jinná, kẹ́ ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n lè rí kòkòrò kan nínú ikùn tó jẹ́ pé oògùn ló máa pa á. Mo mọ àwọn tó ti ń sá fún ata, fún kọfí, fún ẹ̀wà láti ìgbà pípẹ́, tó sì jẹ́ kòkòrò yẹn ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ gbà mí láyè kí n padà sí orí fífọ́ ọjọ́ Ìsinmi tí Àǹtí Aránṣọ sọ, ẹ ti fò ó kọjá. Ara tó ti mọ́ kaféènì lára lójoojúmọ́, tó bá ṣe wákàtí 12 sí 24 láìrí i, ó máa ń fi orí fífọ́ bèèrè rẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ra oògùn orí fífọ́, orí á fò, wọ́n á ní oògùn yẹn dára. Ó máa fò, kí ló dé tí kò ní fò? Kaféènì wà nínú rẹ̀! Ẹ wo páálí Panadol Extra, 65 mílígíráàmù wà nínú hóró kan. Alábùkún tí àwọn òbí wa ti ń lò láti ayé Jacob Ṣógboyèga Odùlátẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, aspirin àti kaféènì ni wọ́n pò pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ìjerò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbẹ́ inú, ẹ má súnmọ́ aspirin rárá láìbi dókítà.

Ẹ má já a lójijì. Bí ẹ bá ń mu ọ̀rá méjì, ẹ mu ọ̀kan àti ààbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Ọjọ́ Ìsinmi náà, ẹ mu díẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí ò ní fọ́.

Aránṣọ Bàsírí
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ̀ pé kaféènì lè wà nínú oògùn orí fífọ́ tí mò ń rà lẹ́yìn ìsìn náà. Ṣé tí mo bá gbé e sí aago méjì ọ̀sán, ojú mi á ṣì dá ní alẹ́ láti rán aṣọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó
Àǹtí, ẹ gé iṣẹ́ òru kúrú, kẹ́ ẹ jí ní kùtùkùtù. Ọ̀rá kan ní aago márùn-ún àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí òru.

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Mo fara mọ́ ti àbúrò yìí. Tí ìlùkìkì àyà yẹn bá sì ṣì ń wá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dín in kù, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn wò. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru kọfí.

Ìyá Ọmọ Méjì, Adó
Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo rí agolo énájì nínú báàgì ìwé ọmọ mi tó wà ní JSS 2. Ó ní gbogbo wọn ló ń mu ún kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù.

Apòògùn Ìkẹ́rẹ́
Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ohun tí ọmọdé fẹ́ fi énájì ṣe. Ara wọn kéré, ìwọ̀n kan náà á pọ̀ jù fún wọn, ṣúgà inú rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Omi ni kí wọ́n máa gbé lọ sí pápá. Ẹ bá tísà wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí bó bá jẹ́ ọmọ tiyín nìkan lẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á mu ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀muò
Ìbéèrè kan ló kù lọ́rùn mi. Wọ́n wọn ìfúnpá mi ní gáréèjì lọ́jọ́ tí àwọn kan wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún wa, wọ́n ní ó ga. Obì wà lẹ́nu mi nígbà náà. Ṣé obì ló fà á?

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Ó lè dá kún un, ẹ̀gbọ́n. Kaféènì máa ń gbé ìfúnpá sókè fúngbà díẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kò mọ́ lára. Ẹ má sì fi ìyẹn sọ pé ẹ ò ní nǹkan kan o. Ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹ má sọ̀rọ̀. Tó bá ṣì ga, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí ẹ bá ti jẹ obì kẹ́ ẹ tó rántí, ẹ sọ fún ẹni tó ń wọ̀n yín, kó kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà.